Dò Mí Dò, Tàbí Dò Mí Mí

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré, ògiri la máa ń kọjú sí kí á tó gbọ́ orin nílé wa ní Bódìjà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú etí lẹ máa ń ki orin bọ̀, ẹ ó máa mi orí lọ láàárín títì bí alágẹmọ, ẹni tó ń kí yín kò ní mọ̀ pé ẹ kò gbọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Orin tiwa ní ọjọ́, ó ní àkókò, ó ní àga tí oníkálukú ń jókòó sí, ó sì ní òfin.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, ó sì ń tẹ dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí à ń lọ. Ó ní rédíógíráàmù ńlá kan, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin, tí wọ́n fi igi dídán ṣe, tí ìyá mi ń nù ju bó ṣe ń nu ojú àwa ọmọ lọ. Ìdí ẹ̀rọ yìí ni àwọn méjì kan ti máa ń wá bá a. Èkíní ni Alájì Kẹ́míìsì, ọmọ apá Ìsẹ́yìn, tó ń ta oògùn òyìnbó ní Dùgbẹ̀, ọkùnrin gíga kan tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Èkejì ni Màmá Tíṣà, opó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Onítẹ̀bọmi paraku tí wọ́n bí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé tirẹ̀ kọjú sí tiwa gan-an.

Ohun tó kó àwọn mẹ́ta yìí jọ kò yé ará àdúgbò. Orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni, èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí èèyàn rẹpẹtẹ yóò jókòó ti gòjé òyìnbó, tí ẹnì kan yóò dúró níwájú wọn tí yóò máa na igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ìyá mi ní orin òkú ni. Ṣùgbọ́n bí Bàbá mi bá ra àwo orin kan, Alájì á wá orin yẹn gan-an lọ́wọ́ àwọn eléré mìíràn, wọn á gbé méjèèjì kalẹ̀, wọn á sì fi wọ́n wé ara wọn títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. "Orin kan náà ni, ẹnu ló yàtọ̀," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá mi máa ń wí.

Òfin ibẹ̀ nìyí. Kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, gbogbo ẹni tó bá wà ní pálọ̀, àgbà àti ọmọdé, gbọ́dọ̀ kọjú sí ògiri, àfi ẹni tó fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. A ó gbọ́ àwo kìíní, a ó gbọ́ ibẹ̀ náà nínú èkejì, láìmọ ẹni tó ni èwo. Lẹ́yìn náà la ó nawọ́ fún èyí tó wù wá jù. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá fìdí rẹmi ni yóò ra ẹ̀pà tí a ó jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Alájì ló máa ń ra ẹ̀pà jù. Á ní Bàbá mi ti fún àwa ọmọ rẹ̀ ní rìbá, á ní ìró bàtà òun la fi ń dá àwo òun mọ̀. Lọ́jọ́ kan ó bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, ó rìn lórí ìka ẹsẹ̀ bí olè, síbẹ̀ òun náà ló ra ẹ̀pà. Ní ti ògiri yẹn, mo mọ̀ ọ́n ju ojú olùkọ́ mi lọ. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, ó sì sán láti òkè wá sísàlẹ̀ bí odò tí wọ́n yà sínú máàpù. Ibi sísán yẹn ni mo máa ń wò bí orin bá ń lọ.

N kò lè sọ̀rọ̀ Màmá Tíṣà kí n má sọ ti ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un ni. Bọ̀ọ̀dá ni gbogbo àwa ọmọdé àdúgbò ń pè é. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di àwo mú létí kí ìka má kan ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ló máa ń pè mí, bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń fi ọmọdébìnrin ṣàwàdà, ṣùgbọ́n èmi kò mọ̀ pé àwàdà ni. Nígbà tó ń lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe afárá, mo sunkún débi tí ìyá mi fi jágbe mọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu imú mi, ó ní, "Ìyàwó mi, má sunkún mọ́. Mò ń bọ̀."

Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú èdè tiwa, ẹni tó ń lọ ló máa ń wí pé òun ń bọ̀? Òyìnbó tó bá gbọ́ ọ yóò dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà títí. Ṣùgbọ́n àwa mọ ohun tó túmọ̀ sí, a kì í sì í jẹ́ kí ẹni tó ń lọ jáde láìsọ ọ́.

Lẹ́yìn tó dé ọ̀hún, ó ń fi àwo orin ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ wálé. Màmá Tíṣà kò ní ẹ̀rọ, nítorí náà yóò fi ìborùn wé àwo náà bí ọmọ tuntun, yóò sọdá sọ́dọ̀ wa. Bí opó tí kò mọ̀ ju orin inú ìwé orin ìjọ lọ ṣe di ẹni tó ń bá ọkùnrin méjì jiyàn lórí gòjé nìyẹn. Kí abẹ́rẹ́ tó kan àwo rárá ni yóò ti máa wí pé tọmọ òun ló dùn jù. Alájì á ní, "Màmá Tíṣà, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ fi ọkàn kọjú sí rédíógíráàmù!" Wọn á sì rẹ́rìn-ín títí.

Àwo tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, gòjé kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àwọn yòókù kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó mú un wá ní ara ọmọ náà le, ó ní ó kàn rù díẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, a kò rí àwo mọ́, a kò gbọ́ ìròyìn, a kò sì rí ẹni tó tún fojú kàn án. Oṣù ń gorí oṣù. Ìborùn tí Màmá Tíṣà fi ń wé àwo ló wá fi ń wé ara rẹ̀, àní nínú ooru.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a wà lójú ògiri, àwo yẹn ń lọ. Ó dé ibì kan láàárín rẹ̀, níbi tí orin náà ti fà, tó tutù, Màmá Tíṣà sì yí padà lójijì.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ ni?"

Bàbá mi gbé abẹ́rẹ́ padà. Gbogbo wa tẹ́tí.

"Mò ń bọ̀," ni Màmá Tíṣà wí. "Ó ní, Mò ń bọ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Èdè wa, orin ni. Dò-re-mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn ní ilé-ẹ̀kọ́, Màmá Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ mi. Mò ń bọ̀: dò, mí, dò. Ẹni tó ta gòjé inú àwo yẹn, eléré ayé àtijọ́ ni. Bó bá gun òkè tán, kì í já ohùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ló máa ń fi ìka wọ́ ọ wálẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ó wà nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì wọ́ padà wálẹ̀. Bí Màmá Tíṣà ṣe sọ ọ́ báyìí, kò sí ẹni nínú wa tó tún lè gbọ́ ohun mìíràn níbẹ̀. Ní tèmi, kì í ṣe gòjé ni mo ń gbọ́ mọ́. Bọ̀ọ̀dá ni mo ń gbọ́, pẹ̀lú aṣọ ìnujú rẹ̀ lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá Tíṣà kò ti ti géètì rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, nítorí ọjọ́ Àìkú ni ọmọ náà lọ. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó dé kí ó wá máa kan ilẹ̀kùn bí àlejò nílé ìyá rẹ̀. Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó bọ́ ìborùn kúrò lọ́rùn. Bí àwo yẹn bá ti dé ibẹ̀, yóò mi orí, yóò dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ó dáa, ọmọ mi."

Alájì kò ní ibi lọ́kàn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù. Ó rí i pé àwo yẹn ló ń mú inú obìnrin náà dùn, ó sì rò ó pé bí òun bá rí irú orin náà lọ́dọ̀ eléré mìíràn, tí àwo Màmá Tíṣà wá na tòun pátápátá, ayọ̀ ọjọ́ náà yóò pọ̀. Ó wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àwo ní Dùgbẹ̀ títí ó fi rí i. Ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ pé òun ni wọn yóò nà, tó fi jẹ́ pé ó ti ra ẹ̀pà dání kó tó wọlé. Ó gbé e sórí tábìlì, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri.

Àwo kìíní lọ. Ó dé ibẹ̀, ó sọ ohun tó máa ń sọ. Mo gbọ́ tí Màmá Tíṣà dáhùn.

Alájì gbé èkejì lé e. Ohùn èyí mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò ní eruku nínú. Bóyá ọ̀dọ́ ló ta á, n kò mọ̀. Ó dé ibi tó fà, tó tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì dúró sókè níbẹ̀. Kò wọ́ ọ wálẹ̀. Ó já a níbẹ̀ lójijì. Dò, mí, mí.

Kò sí mọ́.

Kò sí ẹni tó la ẹnu nínú wa. Gòjé ló sọ ọ́. Bí orin náà ṣe rí, ibẹ̀ máa ń padà wá, nítorí náà ó tún un sọ. Kò sí mọ́. Mo tẹjú mọ́ ibi sísán ara ògiri, mo ń sọ lọ́kàn mi pé bí n kò bá ṣáà ti yíjú padà, ọ̀rọ̀ náà kò tíì di òótọ́. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun kan ti wọlé sí pálọ̀ wa tí kò kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo yíjú, Màmá Tíṣà ti dìde, ó káwọ́ lérí. Alájì ni ó ń wò.

"Alájì, níbo lẹ ti gbọ́?"

"Gbọ́ kí ni, Màmá Tíṣà?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n rán pé kẹ́ ẹ wá tú u fún mi?"

Ó yé gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í já ìròyìn ọ̀fọ̀ lu ìyá ọmọ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni yóò kó ara wọn jọ, wọn á jókòó tì í, wọn á máa fi ọ̀rọ̀ yí ọ̀rọ̀ ká títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi já a. Màmá Tíṣà wo pálọ̀ náà yíká, ó rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí àwa ọmọ tí a kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì gbà pé ìdí tí a fi pé jọ nìyẹn.

Alájì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. "Astagafurulai! Mo fi Ọlọ́hun búra, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Orin ni mo rà, Màmá Tíṣà. Orin lásán ni."

"Ẹ ti ra ẹ̀pà kẹ́ ẹ tó wọlé," ni obìnrin náà wí. "Ẹ mọ̀."

Bàbá mi wá sọ̀rọ̀, ó ń rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń di ẹyin mú. "Màmá, òyìnbó ló ta gòjé yẹn. Kò gbọ́ Yorùbá. Kò mọ ohun tó ń sọ."

"Èyí tó ní òun ń bọ̀ ńkọ́, Akọ̀wé? Ìyẹn gbọ́ Yorùbá?"

Bàbá mi gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Títí mo fi dàgbà, títí di òní tí mo ń sọ èyí fún yín, n kò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn. Màmá Tíṣà fi ìborùn wé àwo rẹ̀, ó sọdá sílé. Alájì kò mú tirẹ̀ lọ. Ẹ̀pà náà wà lórí tábìlì, a kò jẹ ẹ́.

Bí fífi àwo wé àwo ṣe parí nílé wa nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n jà. Alájì ń bọ̀ wá kí wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò ṣáájú rẹ̀ wọlé mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òkè òkun dé, yóò lọ bá a, yóò béèrè Bọ̀ọ̀dá. Ẹnì kan ní òun rí i ní ibùdókọ̀ ojú irin, nínú ẹ̀wù òtútù gígùn, òun pè é, kò dáhùn. Ẹlòmíràn ní ọ̀rẹ́ òun ni ẹni yẹn, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá. Ọ̀rọ̀ náà kò lórí, kò nídìí.

Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Màmá Tíṣà tún bẹ̀rẹ̀ sí sọdá, kì í ṣe ọjọ́ Àìkú mọ́, bí kò ṣe ọ̀sán tí Bàbá mi bá wà níbi iṣẹ́. Èmi ló máa ń ní kí n gbé abẹ́rẹ́ lé e, ibẹ̀ yẹn nìkan ló sì fẹ́ gbọ́. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwo kò ju àwo lọ. Ojú rẹ̀ ń bó, ohùn rẹ̀ ń ha, ó sì di ọjọ́ kan tí abẹ́rẹ́ há síbẹ̀.

Mò ń. Mò ń. Mò ń.

Mo na ọwọ́ kí n tì í síwájú. Màmá Tíṣà di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó ṣì wà lójú ọ̀nà."

A jókòó tì í, àwa méjèèjì, ó ń wí i, ó ń wí i, kò parí rẹ̀, títí ìyá mi fi ti ilé ìdáná wọlé, tó sì pa ẹ̀rọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi, ó tó gẹ́ẹ́." Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, n kò lè dúró nítòsí ẹ̀rọ tó ń lọ ata. Ohun tí mo ń gbọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn. Bí fáànù bá ń yí lókè orí mi, ohun tó ń sọ nìyẹn.

Mo ti di abilékọ nígbà tí Màmá Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Orí ibùsùn ló wà. Ó gbé àwo náà fún mi nínú ìborùn, ó ní, "Bó bá dé, ìwọ ni kó o fún un. Má sọ fún un pé ó ti há." Ó tún ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ti géètì. Kò pẹ́ tó fi kú. Wọ́n ta ilé rẹ̀, wọ́n wó o, ilé ìtajà alájà púpọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí tí wọ́n ti ń ta fóònù àti bàtà. Bí Bọ̀ọ̀dá bá dé, kò ní mọ ibẹ̀ mọ́. Ilé tiwa nìkan ni yóò dá mọ̀, nítorí náà, ilé tiwa, tó ti di tèmi, ni n kì í jẹ́ kí wọ́n ti géètì rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ mi bínú. Wọ́n ní Bódìjà kò rí bíi ti àtijọ́, wọ́n ní àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ti kìlọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo mọ̀ pé bó bá wà láyé, arúgbó tó dàgbà jù mí lọ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kàwé ní Kánádà jókòó tì mí. Mo sọ fún un pé orin kan wà tí mo fẹ́ gbọ́. Mo kọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, ó tẹ fóònù rẹ̀, orin náà sì yọ, kì í ṣe ẹyọ kan, kì í ṣe méjì. Eléré láti gbogbo ayé, òyìnbó, ará Ṣáínà, ọmọdé, àgbà. Ohun tí Alájì fi ẹsẹ̀ wá kiri gbogbo Dùgbẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló fi rí i. Mo ní kó máa gbé wọn lọ síbẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn eléré òde òní kì í fi ìka wọ́ ohùn wálẹ̀ mọ́. Bóyá wọ́n ní kò bóde mu. Wọn á gòkè, wọn á sì já a síbẹ̀, ó mọ́, ó dán. Dò, mí, mí. Ìkíní sọ ọ́. Èkejì sọ ọ́. Gbogbo wọn, láti ilẹ̀ gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi.

"Grandma, kí ló dé? Ṣé kí n pa á?"

Mo bi í pé kí ló gbọ́ tí gòjé náà sọ.

"Kò sọ nǹkan kan now, Grandma. Instrumental ni."

Mo ní kó dìde, kó kọjú sí ògiri, kó tún gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ mi pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Ó dúró síbẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó ní kò ṣáà sọ nǹkan kan. Inú mi dùn pé ohun tó fọ́ pálọ̀ wa lọ́jọ́sí kò lè fi ọwọ́ kan ọmọ yìí. Lẹ́yìn náà ni inú mi bàjẹ́, nítorí bí kò bá lè gbọ́ èyí, kò lè gbọ́ ti àwo inú ìborùn náà. Orin gbogbo ayé wà lápò rẹ̀, kò sì sí èyí tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú wọn. Bí ayé ṣe yí nìyẹn. N kò lè sọ pé tiwa sàn jù. Tiwa dun wá.

Ó rí i pé omi lé sí mi lójú, ó rò pé nítorí ìrìn-àjò rẹ̀ ni. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Don't worry, Grandma. I'll be back."

Mo ní kó sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ó sọ ọ́. Mo tẹ́tí sí ìparí rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ti fì sí Gẹ̀ẹ́sì, ohùn náà kò wálẹ̀ tó. Mo ní kó tún un sọ.